Ọdún Tí Rẹ́jísítà Di Bébà Àkàrà

Fèrè iléeṣẹ́ irin tó wà lọ́nà Ṣàngó ló máa ń jí wa nílé wa l'Ọ̀tà, kì í ṣe àkùkọ. Ọ̀lẹ ni àkùkọ tiwa. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ó di ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wọlé iṣẹ́ tán kó tó rántí pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí fèrè bá ti dún, èmi á ti gbá ìgbálẹ̀ mú, nítorí àgbàlá ni iṣẹ́ tèmi, mo sì gbọ́dọ̀ gbá a tán kí ewé igi àgbálùmọ̀ tó tún bọ́ sí i. Ìyá mi á máa ro ògì lórí iná. Bí orógùn rẹ̀ bá ṣe ń dún lára ìkòkò ni mo fi ń mọ̀ bóyá ògì máa ki tàbí ó máa ṣàn. Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ike, á máa wá bàtà kiri gbogbo ilé, á ní ẹnì kan ló gbé e, bẹ́ẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà. Lódìkejì ògiri, Alàájì Láwànì aránṣọ á ti kírun tán, ẹ̀rọ rẹ̀ á ti máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá àgbà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìborùn léjìká, á wo ẹnì kọ̀ọ̀kan wa láti orí dé ẹsẹ̀, á sì sọ ohun tó ń sọ láràárọ̀: "Ẹ rọra o. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Bí àwo bá fọ́, ẹ̀sọ̀ la ò ní. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀, ẹ̀sọ̀ la ò ní. Ọ̀rọ̀ náà ti sú wa, ṣùgbọ́n ta ló tó sọ ọ́?

Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọkọ rẹ̀, bàbá tó bí bàbá mi, ló ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ìjọ wa títí tó fi kú. Èmi ò bá bàbá náà láyé. Fìlà rẹ̀ tó wà lórí ìṣó, àga rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, àti rẹ́jísítà ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ilé-ìwé yìí, abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ẹní tirẹ̀ láti ilé wá, á sì ká a lọ sílé tí wọ́n bá jáde. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò náà fi ọmọ ránṣẹ́, nítorí ilé-ìwé mìíràn ò sí nítòsí, ìwé ni wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wọn mọ̀. Tíṣà tó kọ́kọ́ wá kọ orúkọ àwọn ọmọ àkọ́kọ́ náà sínú ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ le bíi páálí: orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, agboolé, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, gbogbo rẹ̀ ní ìkọ̀wé rírẹwà tó dà bí iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Orúkọ inú Bíbélì ló fún gbogbo wọn, onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Nígbà tó yá, ìjì gbé òrùlé ọ́fíìsì ilé-ìwé lọ, òjò àti ikán sì pín ìwé yòókù láàárín ara wọn. Rẹ́jísítà yẹn nìkan ló kù, nítorí bàbá àgbà ti gbé e wálé lọ́jọ́ tó ṣáájú ìjì láti wo orúkọ kan. Láti ọjọ́ náà ni kò ti padà sí ilé-ìwé mọ́. Ilé wa ló ń gbé.

Ìtọ́jú ìwé náà dà bí ìtọ́jú ọmọ tuntun. Ìyá àgbà máa ń fi ìwé ìròyìn wé e ní ìlọ́po ìlọ́po kí eruku iléeṣẹ́ má bàa wọ inú rẹ̀, á fi okùn dì í bí ẹni di ẹrù Mẹ́kà, á wá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń sọ̀kalẹ̀, ní Ọjọ́ Ìpè. Ọjọ́ Ìpè ni ọjọ́ ìrántí ilé-ìwé wa, mi ò sì tíì gbọ́ pé wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn. Gbogbo ìdílé tí bàbá wọn tàbí bàbá bàbá wọn wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ á pé sí pápá ilé-ìwé, wọn á tẹ́ ẹní, wọn ò ní jókòó sórí àga, nítorí orí ẹní ni àwọn baba wọn jókòó sí. Ìyá àgbà á dìde, á ṣí rẹ́jísítà, á máa pe orúkọ. Bó bá ti pe ẹnì kan, ìdílé rẹ̀ á dìde lápapọ̀, wọn á dáhùn pé, "Ó wà!" Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé ó ti kú. Bí kò bá sí ìdílé kankan tó dìde, tí wọ́n ti kó lọ sí Èkó tàbí tí ilé wọn ti pa dé, gbogbo pápá á dáhùn pọ̀: "Ó ń bọ̀!" Ara mi máa ń bù máṣọ tí mo bá gbọ́ ọ. Mo máa ń wo ojú ọ̀nà bóyá ẹni náà ń bọ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀. Alàájì Láwànì ló máa ń dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá pe "Jósẹ́fù Láwànì", á dìde pẹ̀lú agbádá, àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ á dìde, wọn á kígbe "Ó wà!", òun á wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n Yésúfù la mọ̀ ọ́n sí nílé o!" Ọdọọdún ló ń sọ ọ́, ọdọọdún ni pásítọ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Lẹ́yìn Jósẹ́fù Láwànì, orúkọ kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé, orúkọ ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni. Ràkẹ́lì. Òun nìkan ni ọmọbìnrin láàárín wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọkùnrin. Wọ́n ní nígbà tí bàbá àgbà ṣì ń pe orúkọ, bó bá dé ìdí ìwé, á gbójú sókè, á pe ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pe ọmọ ilé-ìwé, ìyá àgbà á sì dìde, á nà ró, á ní, "Mo wà, sà!" Ọjọ́ kan ṣoṣo tó ń pe ọkọ rẹ̀ ní sà láàárín ọdún nìyẹn, gbogbo ayé sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò gbọ́ ọ rí. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, tó fi di pé òun ló ń pe orúkọ, bó bá ti dé orúkọ ara rẹ̀, ńṣe ló máa ń pa ìwé dé. Mo bi í léèrè nígbà kan. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, èèyàn kì í pe ara rẹ̀ kó tún dá ara rẹ̀ lóhùn. Wèrè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọdún tí mò ń sọ yìí, bàbá mi ń mú ìwé ìròyìn àtijọ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bó bá ti pọ̀, ìyá àgbà á dì í ní òkìtì òkìtì fún Ìyá Ríṣí, alákàrà tó ń gbé nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Ìyá Ríṣí ń fi bébà wé àkàrà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá lọ sí Ṣàngó, a kì í sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àkàrà ló fi ń san án, bébà bá ṣe pọ̀ tó ni àkàrà ṣe ń pọ̀ tó. Ní Sátidé kan, a ń tún ilé ṣe. Ìyá àgbà sọ rẹ́jísítà kalẹ̀ láti pààrọ̀ ìwé ìròyìn ara rẹ̀, ó fi tuntun wé e, ó fi okùn dì í. Ó di àwọn ti Ìyá Ríṣí náà. Okùn kan náà, ìdìpọ̀ kan náà, ọwọ́ kan náà. Ó gbé ọ̀kan sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí Ìyá Ríṣí máa kó ìyókù lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà, àkàrà tó dé ilé wa, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Abọ́ ńlá kún dẹ́múdẹ́mú. Ìyá Ríṣí ní bébà tọ̀tẹ̀ yìí wúwo, ó le, epo ò tètè ń jà á. Inú ìyá àgbà dùn, ó ní, "Ẹ rí i? Ẹ̀sọ̀ ni mo fi dì í." A fi ògì gbígbóná jẹ ẹ́ títí ikùn wa fi le bí ìlù. Ọlọ́run ló mọ iye bàbá ńlá tá a jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Alàájì Láwànì wọlé wá ní kùtùkùtù, àkàrà lọ́wọ́ kan, bébà tó kún fún epo lọ́wọ́ kejì. Ó kí ìyá àgbà tán, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Mo ra àkàrà láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo jẹ dé ìdajì, mo rí orúkọ bàbá mi." Ìyá àgbà gba bébà náà, ó gbé e súnmọ́ ojú. Jósẹ́fù Láwànì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú agboolé rẹ̀; ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà ti ya lọ. Ó ní kí n gun àga, kí n gbé ìdìpọ̀ orí kọ́bọ́ọ̀dù wá. A tú okùn, a ṣí ìwé ìròyìn kan, òmíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a ṣí ìyẹn, òmíràn tún wà. Bọ́ọ̀lù, ìdìbò, ìpolówó ọṣẹ. Kò sí rẹ́jísítà. Àǹtí Bọ́sẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ní, "Yéè! Màámi, ẹ̀sọ̀ dà?" Ìyá mi fún un nígbọ̀nwọ́. Ìyá àgbà jókòó. Orí àga bàbá àgbà ló jókòó sí, bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an.

Gbogbo wa ló sáré lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ríṣí. Obìnrin náà dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ló yẹ òun. Ó ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí, mi ò mọ̀wé! Mo ṣáà rí i pé bébà yẹn dáa, òun ni mo fi ń wé ti àwọn kọ́sítọ́mà mi gidi." Ìyá àgbà fà á dìde, ó ní, "Kí lo ṣe? Ta ló dì í? Èmi ni mo dì í." Ojú ìwé díẹ̀ ló kù nínú agbọ̀n rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ti bá àwọn òṣìṣẹ́ wọlé iṣẹ́, wọ́n ti fi nu ọwọ́, wọ́n ti jù ú sí gọ́tà, ó ti ṣàn lọ. Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé iléeṣẹ́ wọn, ó ń bi gbogbo èèyàn léèrè ní ẹnu géètì, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ àkàrà, bébà yín dà?" Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti yí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti Ìwó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ojú ìwé kan jáde, ó ti ká a dáadáa. Ó ní òun ò lè ju irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ nù, ó dun òun. Àǹtí Bọ́sẹ̀ mú ojú ìwé náà wálé. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà wálé pẹ̀lú, wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Ọmọ wọn àgbà ti lọ́mọ báyìí. Bí mo bá fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń ní epo àkàrà ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ya.

Ó ku díẹ̀ kí Ọjọ́ Ìpè pé. Gbogbo wa rò pé ìyá àgbà mọ àwọn orúkọ náà lórí. Ó ṣe tán, ìgbà wo ló ti ń pè wọ́n? Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí, ó ń ka ìka, ó dé àárín, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró níbòmíràn. Nígbà tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ojú rẹ̀. Nígbà tí kò sí ìwé mọ́, ẹnu náà ń wá ojú kiri. Bàbá mi ní, "Màmá, ẹ pe èyí tẹ́ ẹ bá rántí. Á yé wọn." Ìyá àgbà wò ó, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Èwo ni màá fò nínú wọn? Ẹni tí mo bá fò, mo ti pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ìdílé rẹ̀ á ká ẹní, wọ́n á máa lọ sílé." Ó ní òun ò ní lọ, ó ní kí wọ́n sọ pé ara òun ò yá. Kò jẹun lálẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ríṣí gbé àkàrà wá láti fi bẹ̀ ẹ́, inú ewé ló wé e sí. Ìyá àgbà yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí n má lọ jẹ ẹni tá a jọ kàwé." Ìgbà tá a gbọ́ ìyẹn la tó mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín ti padà sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó ní kí n lọ lọ aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ sí Ọjọ́ Ìpè.

Mo ń kọjá níwájú ilé-ìwé náà títí dòní. Bulọ́ọ̀kù ti gba ibi tí àtíbàbà wà, wọ́n ti mọ ọgbà yí i ká, ariwo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí àwọn iléeṣẹ́ ọ̀nà Ìgbẹsà kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni àwọn ojú ìwé tó ṣẹ́ kù wà, nínú gíláàsì lára ògiri, epo àkàrà ti jẹ́ kí wọ́n mọ́lẹ̀ bíi wíńdò. Àwọn àlejò máa ń bi wọ́n léèrè pé kí ló fà á. Ó máa ń wù mí kí n jókòó kí n sọ gbogbo rẹ̀. Ṣé ó dùn mí pé ìwé náà ò pé mọ́? Ó dùn mí. Àmọ́ ká ní ìwé náà pé ni, mi ò ní mọ ohun tí mo mọ̀ ní Ọjọ́ Ìpè ọdún yẹn.

Ní Ọjọ́ Ìpè ọdún náà, pápá kún fún ẹní. Ìyá àgbà dìde, ọwọ́ rẹ̀ òfìfo, mo dúró tì í. Kò fi ọ̀rọ̀ bò. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi tí mò ń pariwo ẹ̀sọ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e fún alákàrà. Mi ò lè pe àwọn baba yín lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Mo gbọ́ fèrè iléeṣẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Káfíńtà, arúgbó tí ìdílé rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dìde lọ́dọọdún, fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ jókòó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ábẹ́lì ni bàbá mi, ó wà! Bí mo bá sì ti ń jókòó, èmi ò mọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń dìde lẹ́yìn mi, nítorí etí aṣọ rẹ̀ ló máa ń ta mí lẹ́sẹ̀. Ará ilé Dáníẹ́lì, ẹ dìde!" Ẹ̀rín bú. Ará ilé Dáníẹ́lì dìde, wọ́n ní "Ó wà!", wọ́n sì nawọ́ sí ẹní tó tẹ̀lé tiwọn.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ ẹnì kan tó tẹ̀ lé e. Ìjà fẹ́ẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárín, nígbà tí ìdílé méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan ní, "Àwa la tẹ̀lé wọn! Ọdọọdún ni mo máa ń gbé ọmọ pọ̀n níbi tí wọ́n bá ti ń dáhùn!" Èkejì ní, "Ọmọ wo? Ọmọ tẹ́ ẹ pọ̀n ti ń gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n!" Àwọn àgbà bá wọn dá sí i, wọ́n rántí pé ọ̀kan máa ń dìde kí ọmọ tó sunkún, èkejì lẹ́yìn tó bá sunkún tán, wọ́n sì tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìdílé kan ò ti sí mọ́, ẹni tó ṣáájú wọn á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Àlàfo kan wà níhìn-ín, Sákéù ni wọ́n ń jẹ́," gbogbo wa á sì kígbe, "Ó ń bọ̀!" Àwọn tí kò ní ẹnikẹ́ni láyé mọ́, a ò fo ọ̀kan nínú wọn. Mo wo ojú ìyá àgbà. Ó ń mi orí sí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń pè é tẹ̀lé wọn.

Ó kan Alàájì Láwànì. Ó dìde, agbádá rẹ̀ gba gbogbo ẹní, àwọn ará ilé rẹ̀ kígbe pé "Ó wà!", ó sì ní, "Yésúfù la mọ̀ ọ́n sí nílé o!" A rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní wọn, nítorí ibẹ̀ ni Ìpè máa ń parí sí. Ìyá àgbà náà ti ń na ìborùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Alàájì ò jókòó. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ẹnì kan ṣì wà lẹ́yìn bàbá mi. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí, bàbá mi máa ń sọ fún wa nílé pé ẹni náà mọ̀wé ju òun lọ." Ó fa agbádá rẹ̀ sókè sí èjìká, ó na ọrùn bí ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì pè é pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀: "Ràkẹ́lì!"

Ìyá àgbà dì mí lọ́wọ́ mú, ó fi mí ṣe ọ̀pá, ó dìde. Ó nà ró bí ẹni tí kò darúgbó rárá. Omi ń dà lójú rẹ̀, eyín rẹ̀ sì wà níta.

"Mo wà, sà!"